Ohun Ìkọ́lé àti Afẹ́fẹ́ Inú Ilé ní Lẹ́kkí àti Ajah

Ìtàn ilé ni mo gbé wá lónìí.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń tún ilé wọn ṣe ní Ajah. Bí mo ti wọlé ni mo bá ọmọṣẹ́ káfíńtà méjì tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ àjà ilé. Eruku funfun bo orí wọn, ọ̀kan sì ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá èyí tí ó já sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, asibẹ́sítọ́sì ni wọ́n ń fọ́ yìí o, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, ọgbọ̀n ọdún ni a ti ń sùn lábẹ́ rẹ̀, kò sì pa wá. Bí ó bá burú tó bí o ṣe wí, ta ni ó wá gbé e sórí wa?" Àwọn ọmọṣẹ́ dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé.

Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin òkun àti ọ̀sà ni Lẹ́kkí àti Ajah. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n tò pọ̀ mọ́, Etí-Ọ̀sà, ti sọ ọ́ tán. Àwọn apẹja tí wọ́n ń gbé etí omi yìí láyé àtijọ́ kò lọ jìnnà wá ohun tí wọn yóò fi kọ́lé. Ọparun àti igi ògùrọ̀ ni wọ́n fi ṣe òpó, imọ̀ ọ̀pẹ àti imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi ṣe ògiri àti òrùlé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè dá atẹ́gùn òkun dúró: yóò gba iwájú wọlé, yóò sì gba ẹ̀yìn jáde. Kò sí ọ̀dà lára rẹ̀, kò sí gúlúù. Bí ó bá gbó, wọn a tú u, wọn a sì tún un kọ́.

Bí a bá kúrò létí omi lọ sí òkè, amọ̀ ni. Ìpele kan lórí èkejì ni wọ́n ń mọ ọ́n. Bí èkíní bá gbẹ ni wọn yóò tó gbé èkejì lé e. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀, tàbí ewé gbòdògì níbi tí igbó bá wà. Ògiri amọ̀ a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra nígbà òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Àgbàlá tí ó ṣí sí ojú ọ̀run wà láàrin agbo ilé, ibẹ̀ ni ooru àti èéfín ń gbà lọ. N kò ní í tan yín jẹ o: èéfín igi ìdáná fọ́jú ọ̀pọ̀ ìyá wa, fèrèsé yàrá kéré, eku àti ejò sì fẹ́ràn òrùlé koríko. Iná ni ọ̀tá rẹ̀ tí ó burú jù. Àwọn àgbà tí wọ́n wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí lẹ́yìn iná ni ọ̀pọ̀ ilé kúrò lórí koríko bọ́ sí orí páànù.

Eku ni ó sọ ohun ìkọ́lé di ọ̀rọ̀ ìjọba ní Èkó. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eegbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ nílùú. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, láti wó àwọn ilé tí ó fún mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n wó Òkò Àwọ̀, wọ́n sì la Yaba sílẹ̀ fún ìbùgbé tuntun. Láti ìgbà náà ni sìmẹ́ńtì, páànù àti fèrèsé gbàgede ti di àmì ìmọ́tótó, tí amọ̀ àti imọ̀ sì di àmì òṣì. Ojú yẹn kan náà ni a fi wo Maroko. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1990, lábẹ́ gómìnà ológun Raji Rasaki, katakata wó ìlú náà. Àwọn tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ ni a fojú bù sí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi lè bò ó. Àwọn díẹ̀ rí ilé ní Ilasan àti Ikota. Ọ̀pọ̀ kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ yanrìn sí irà náà, tí ilé olówó gorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n asibẹ́sítọ́sì ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Páànù ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tí ó bá ti sùn lábẹ́ páànù tí kò ní àjà mọ̀ pé ooru ọ̀sán kò ṣe é fara dà; bí òjò bá sì dé, a kò ní í gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Òkúta kan ni asibẹ́sítọ́sì, tí a ń wà nínú ilẹ̀, tí a lè ya sí fọ́nrán bí òwú. Bí wọ́n bá po òwú òkúta yìí mọ́ sìmẹ́ńtì, wọn yóò rí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iná kò lè jó, tí ikán kò lè jẹ, tí kò sì wọ́n. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ọdún òmìnira; láàrin àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń ṣe pátákó asibẹ́sítọ́sì ní Emene nítòsí Enugu àti níbòmíràn nílẹ̀ wa. Ilé ìwé, ọ́fíìsì, ilé olùkọ́, ilé oníyàrá púpọ̀, gbogbo wọn ni ó wọ̀.

Ní ọdún 1960 yìí kan náà ni J. C. Wagner àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Sleggs àti Marchand, tẹ ìwádìí kan jáde láti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n rí ènìyàn 33 tí wọ́n ní irú jẹjẹrẹ kan tí ó ṣọ̀wọ́n, tí ó ń mú awọ tí ó bo ẹ̀dọ̀fóró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ti bá asibẹ́sítọ́sì pàdé ní agbègbè ìwakùsà Northern Cape. Àwọn kan nínú wọn kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rí. Ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n gbé dàgbà. Ogún ọdún, ọgbọ̀n, ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àrùn náà lè fi sá pamọ́ sínú ara. Nítorí náà, ọgbọ̀n ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi kà sílẹ̀ kò tíì tó ẹ̀rí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá ní 1999, Gúúsù Áfíríkà ní 2008. Ọdún 2024 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de irú rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀. A ti ń gbé e sórí wa nígbà tí ẹ̀rí ti wà nínú ìwé.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣá. Bí pátákó náà bá ṣì pé, tí kò sán, tí ọ̀dà sì bò ó, díẹ̀ ni fọ́nrán tí ń jáde lára rẹ̀. Ìgbà tí a bá fi òòlù fọ́ ọ, tí a fi ayùn rẹ́ ẹ, tàbí tí a lu ihò sí i ni ewu dé. Ọ̀rọ̀ èdè tún dá kún wàhálà náà: ní Èkó, pátákó àjà yòówù ni a ń pè ní asibẹ́sítọ́sì, títí kan àwọn tuntun tí kò ní òwú òkúta náà nínú rárá. Orúkọ kò lè fi wọ́n hàn mọ́. Ní ti èmi, èyí tí ó bá ti lé ní ogún ọdún, mo gbà pé ó wà nínú rẹ̀ àyàfi tí àyẹ̀wò bá sọ pé kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀. Ní Lẹ́kkí lónìí, P.O.P. àti àjà oníke ni, gíláàsì tí kì í ṣí, àti ẹ̀rọ amúlétutù. Orí yanrìn tí a rọ sí irà ni ilé wọ̀nyí jókòó lé, omi kò sì jìnnà sí ìpìlẹ̀. Bí bíríkìlà kò bá tẹ́ nylon tí ó nípọn sórí ìpìlẹ̀, tàbí tí ó fi yanrìn oníyọ̀ po sìmẹ́ńtì, búlọ́ọ̀kù yóò máa fa omi gòkè. Onílé a wá fi ọ̀dà dídán bò ó. Ọ̀dà náà yóò wú, ògiri yóò sì máa bu dúdú-dúdú bíi búrẹ́dì ọjọ́ karùn-ún. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé tí ó bá ní ọ̀rinrin tí ó sì ń bu a máa fa ìṣòro èémí àti ikọ́ fée. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a fi pákó onígúlúù ṣe náà ń tú formaldehyde jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ti àjọ náà kà mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ ní 2004. Ní ti ọ̀dà, àyẹ̀wò kan tí a tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé òjé inú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jà Nàìjíríà ju bó ti yẹ lọ. Ilé imọ̀ ì bá tú gbogbo rẹ̀ dà síta. Ilé onígíláàsì ń pa á mọ́ fún wa.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó wá ọ̀nà mìíràn. Demas Nwoko po amọ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó pè é ní Latcrete, ó sì fi kọ́lé. Ẹni tí ó bá dé ilé ìsìn àwọn Dominican tí ó yàwòrán rẹ̀ ní Ìbàdàn yóò rí bí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ṣe ń wọlé láìsí ẹ̀rọ. Ní 2023, àwọn ará Venice fún un ní kìnnìún wúrà. Ilẹ̀ Lẹ́kkí kò fi bẹ́ẹ̀ ní amọ̀ pupa, tipper ni yóò kó o wá, owó sì ni. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù oníhò lókè ògiri kò wọ́n, fèrèsé méjì tí ó kọjú síra kò wọ́n.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe nìyí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọṣẹ́ bo imú, kí wọ́n fi omi rin pátákó tí ó kù, kí wọ́n yọ ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìfọ́. Wọ́n fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, wọ́n sì fi nylon ìlọ́po méjì dì í. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kò fi gúlúù lẹ̀ ni àjà tuntun. Ó ku ibi tí a ó kó ẹrù náà lọ. Àwọn akólẹ̀ dé, wọ́n béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, a sọ fún wọn, wọ́n sì wa ọkọ̀ wọn lọ. Títí di àná, ó ṣì wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi àgbọn.