«9ice na Jay-Z»: Àríyànjiyàn Àwọn Olólùfẹ́ Orin àti Bí Òkìkí Akọrin Ṣe Ń Gbilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ogbómọ̀ṣọ́

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ní Àbújá, akọrin 9ice gba àmì-ẹ̀yẹ olórin hip hop níbi MTV Africa Music Awards àkọ́kọ́. Jay-Z àti Lil Wayne wà lára àwọn tí wọ́n jọ dù ú. Bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn agẹrun ní Under G, nítòsí yunifásítì LAUTECH ní Ogbómọ̀ṣọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé 9ice na Jay-Z. Ọ̀dọ́ kan á ní, «Ẹ̀gbọ́n, níbo ló ti nà án?» Ẹ̀gbọ́n á dáhùn pé, «Àbúrò, o ò tíì jáde ìwé mẹ́fà nígbà yẹn.» Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé dídára àwo orin ló ń sọ akọrin di àràbà. Àwọn mìíràn ní ikú ni. Èrò tèmi ni pé àlàfo ló ń ṣe é: àwo tó bá fi àyè sílẹ̀ kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ro ìtàn mọ́ ọn, tí wọn kò sì lè fẹnu kò lórí ìtàn náà, òun ni òkìkí rẹ̀ ń pẹ́.

Karin Barber, tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Òkukù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fi hàn nínú I Could Speak Until Tomorrow (1991) pé oríkì kì í to ìtàn lẹ́sẹẹsẹ. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan á dá dúró. Ìtàn tó bí i wà lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n, àfi kéèyàn bi wọ́n. «9ice na Jay-Z» ti di irú ẹyọ bẹ́ẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ, gbọ̀ngàn, Àbújá, gbogbo rẹ̀ ti já dànù; èyí tí ọmọdé lè há sórí ló kù. Ẹni tó bá béèrè ìdí ni wọ́n máa ń ro ìtàn fún, tí olúkúlùkù á sì rò ó bó ṣe wù ú.

Ogbómọ̀ṣọ́ ní ìdí tó fi di ẹ̀yà ìtàn tirẹ̀ mú. Agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà l'Ékòó ni Abọ́lọ́rẹ Adégbọlá Àkàndé, tí a mọ̀ sí 9ice, ti dàgbà, àmọ́ ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni. Lọ́dún 2014 ó wá du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ APC láti ṣojú ẹkùn Ogbómọ̀ṣọ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, kò sì rí i gbà. Ìdìbò kò yẹ òkìkí náà kúrò níbi tó wà. Ìlú tó ti gbọ́ ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu ní ohun mìíràn tó fi ń wọn ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Àwo 9ice, Gongo Aso (2008), kún fún òwe, ohùn rẹ̀ sì sún mọ́ fújì àti àpàlà débi pé ẹni tó bá gbà pé rap nìkan ni hip hop á ní kò yẹ kí akọrin náà wọ ìdíje yẹn rárá. Awuyewuye yìí gan-an ni àlàfo tí mo ń wí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Ọ̀yọ́. Lọ́dún 2011, 9ice gbé àwo méjì jáde, Versus àti Bashorun Gaa. Ó yẹ kí èkejì yìí máa dá ìjà sílẹ̀ títí dòní. Gáà ni Baṣọ̀run tó ń yan Aláàfin, tó sì ń pa á, ní Ọ̀yọ́ Ilé. Samuel Johnson kọ ọ́ pé 130 ọjọ́ péré ni Aláàfin Awónbíojú lò lórí oyè. Aláàfin Abíọ́dún ló rí ẹ̀yìn Gáà, ní nǹkan bí ọdún 1774. Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, gba púpọ̀ nínú ìtàn yìí lẹ́nu àwọn arókin ààfin. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, sọ ọ́ di eré onítàn, House of Ga'a sì gbé e dé orí Netflix lọ́dún 2024. Kò tíì sí ẹni tó gbàgbé òwe rẹ̀: bí o bá láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́.

Síbẹ̀, tí ẹ bá dárúkọ Baṣọ̀run Gáà lẹ́bàá ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, eré Fálétí tàbí sinimá ni wọ́n á bá yín sọ. Wọ́n á jà lórí bóyá ìkà ni Gáà àbí ẹni tó ń gba ìlú lọ́wọ́ ọba aninilára. Àwo 9ice kì í wọ ọ̀rọ̀ náà. Agbádá òkú ọlọ́lá ló yá wọ̀, aṣọ náà sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìtàn ti kún inú orúkọ yẹn bámúbámú kí ó tó mú un. Kò ku àyè kankan tí àwọn olólùfẹ́ lè ro tiwọn sí. Ẹni tó bá rò pé àìdára àwo náà ló fà á, kó padà lọ gbọ́ ọ.

Ikú ńkọ́? Dagrin, tó ń fi Yorùbá ṣe rap, ni wọ́n máa ń fi ṣẹ̀rí. Àwo rẹ̀, C.E.O, jáde lọ́dún 2009. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣekú pa á ní oṣù Kẹrin ọdún 2010. Lóòótọ́, òkú kì í gbé àwo tí kò dùn jáde. Ṣùgbọ́n tí ikú bá tó, akọrin mélòó ni à bá ti máa pè ní àràbà! Ìbéèrè ni Dagrin fi sílẹ̀: bó bá wà láàyè, ǹjẹ́ Olamide, tí àwo Rapsodi rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, ìbá rọ́nà gbà? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, wọn kò sì yéé béèrè. Lord of Ajasa ló ń ṣe mí láàánú. Ó ti ń fi Yorùbá ṣe rap kí àwọn méjèèjì tó gòkè, gbogbo ayé sì gbà fún un láìjiyàn, orúkọ rẹ̀ kì í sì pẹ́ lẹ́nu wọn.

Láti oṣù Kejì ọdún 2021 tí Spotify ti wọ Nàìjíríà ni àwọn ọ̀dọ́ ti rí adájọ́ tuntun. «Ẹ wo nọ́ńbà, ẹ̀gbọ́n.» Mi ò gba adájọ́ yìí wọlé. Sídì ni wọ́n fi ń ta Gongo Aso nígbà tó jáde, láti ọjà Àlàbá l'Ékòó dé gbogbo ìgboro, àwọn olè sì ń ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ta ló ka ìyẹn? Ẹ̀rí tó kù ni ti ẹni tó wà níbẹ̀, tó gbọ́ ọ nínú mọ́tò àti lóde àríyá. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́ máa gba ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kí wọ́n kọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, pẹ̀lú ìlú àti ọjọ́ orí ẹni tó sọ ọ́. Johnson kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn arókin. Ṣe ló po ìtàn wọn pọ̀ di ọ̀kan, tó fi ṣòro lónìí láti rí ohun tí àwọn ará ilé Gáà fúnra wọn sọ nípa bàbá wọn nínú ìwé rẹ̀.