A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìtàn Iná Mànàmáná Wa ní Maiduguri

Ẹni tó ti pẹ́ ní Maiduguri mọ òkùnkùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Boko Haram ba òpó iná tó gba Damaturu wá sọ́dọ̀ wa jẹ́, a sì wà láìsí iná fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyẹn la máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kò kíyè sí.

Ìjọba ló ni iná tẹ́lẹ̀, NEPA la mọ̀ ọ́n sí, kò sì sí ẹni tí ò mọ bí iná NEPA ṣe rí. Ní 2005, òfin jáde pé kí wọ́n pín in, kí wọ́n sì tà á fún aládàáni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, wọ́n fa àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná lé àwọn tó rà wọ́n lọ́wọ́: ìpín 60 nínú 100 di tiwọn, 40 ṣẹ́kù sọ́wọ́ ìjọba. Iléeṣẹ́ kan náà, Integrated Energy, ló ra ti Ìbàdàn ní mílíọ̀nù 169 dọ́là, tó tún ra ti Yola ní mílíọ̀nù 59. Ti Yola yìí ló ń pín iná fún Borno, Yobe, Adamawa àti Taraba.

Ogun wá le. Àwọn èèyàn sá kúrò nílé. Ta ló fẹ́ lọ gba owó iná ní Bama tàbí Gwoza? Ní 2015, iléeṣẹ́ náà ní ohun tó ju agbára òun lọ ti dé, ó dá Yola padà fún ìjọba. Ó di ti Ìbàdàn mú ní tiẹ̀. Olówó kan náà ni o! Ó dúró nílé bàbá wa, ó kúrò níbi tí à ń gbé.

Mi ò bú wọn. Ẹni tó fi owó ṣòwò, èrè ló ń wá. Ṣùgbọ́n iná tó ń fa omi, tó ń mú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wa tutù, kì í ṣe ọjà lásán. Nígbà tí òkùnkùn pọ̀, NNPC tó jẹ́ ti ìjọba ló wá kọ́ iléeṣẹ́ amúnáwá 50 MW síbí.

Ìjọba nìkan kọ́ ni ìdáhùn, torí ọwọ́ ìjọba náà ni NEPA ti bàjẹ́. Wọ́n ta Yola, wọ́n gbà á padà, wọ́n tún tà á fún ẹlòmíràn. Ta ló bi ará Wulari tàbí Bolori léèrè? Akápò ìjọ wa ò gbọdọ̀ ra bẹ́ǹṣì kan láìjẹ́ kí ìpàdé gbọ́. Kí ló dé tí a fi ń gbà á bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìlú?

Ẹ ka Nehemáyà orí karùn-ún. Nígbà tí àwọn ọlọ́lá gba oko àti ọgbà àjàrà lọ́wọ́ àwọn tálákà, Nehemáyà ò parí ẹjọ́ náà nínú yàrá. Ó pe àjọ ńlá, wọ́n búra lójú gbogbo èèyàn, àjọ sì ṣe Àmín.

Láti 2023, òfin ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti ṣe òfin iná tirẹ̀. Ẹni tí a dìbò fún wà nílé aṣòfin Borno níbí. Ẹ jẹ́ ká bi í: ibo ni owó iná ń lọ, ta ló sì ń pinnu rẹ̀? Ẹ má sọ pé àlejò ni wá. Ọlọ́run tipasẹ̀ Jeremáyà sọ fún àwọn àlejò ní Bábílónì pé kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n ń gbé. Orí wa ni wọ́n ń fá. Ẹ jẹ́ ká wà níbẹ̀.