Kékeré Labẹ́rẹ́: Irin Abẹ́ Ọkọ̀ Tó Dá Awuyewuye Sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Irin kan wà lábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òwe yìí bá mu gan-an. Kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju àtàǹpàkò lọ, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò sì lè rí i. Síbẹ̀, àìsí rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kan wà lára ohun tó dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó sì yọrí sí òfin tuntun.

Stabilizer ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní sway bar. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan, Stephen Coleman, ará ìlú Fredericton, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí irú irin yìí ní 1919.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Bí ọkọ̀ bá ń sáré yí kọ́nà, ara ọkọ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bí àwa èrò inú dáńfó ṣe máa ń rọ́ lu ara wa. Irin yìí ló so apá ọ̀tún pọ̀ mọ́ apá òsì. Bí táyà kan bá gòkè tí èkejì kò gòkè, irin náà á lọ́ bí aṣọ tí èèyàn ń fún, á sì máa du bó ṣe máa padà sí ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ara ọkọ̀ fì jù. Bí táyà méjèèjì bá jọ gòkè, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá gun bọ́ǹpù, kò ní dá sí i.

Ibi tí wọ́n fi í sí ṣe pàtàkì. Bí ti iwájú bá le ju bó ṣe yẹ lọ, táyà iwájú ló máa kọ́kọ́ yọ̀, ọkọ̀ á sì fẹ́ máa lọ tààrà dípò kó yà. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ló le jù, ìdí ọkọ̀ ló máa yọ̀, ọkọ̀ sì lè pòyì. Ìdí nìyí tí àwọn tí ọkọ̀ wọn ń fi táyà iwájú wọ́ ara rẹ̀ fi ń pààrọ̀ stabilizer ẹ̀yìn sí èyí tó nípọn, kí ọkọ̀ lè máa yà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀: bí irin oní mílímítà 20 bá di 22, líle rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Mílímítà méjì péré!

Ẹ jẹ́ ká wá kó sínú ìtàn. Ní October 1959 ni Chevrolet, ẹ̀ka kan lára General Motors, gbé Corvair jáde. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú, bíi ti Volkswagen tí àwọn òbí wa ń pè ní ìjàpá. Nítorí náà, ìdí ọkọ̀ yìí wúwo ju orí rẹ̀ lọ. Ọ̀pá tó gbé táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan dúró, ibi kan ṣoṣo ló ti ń ṣẹ́, nítòsí jíà. Bí ọkọ̀ bá fi eré yí kọ́nà, ìdí rẹ̀ lè gbéra sókè, kí táyà ká wọ abẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹsẹ̀ rọ́.

Stabilizer níwájú ì bá dín ewu náà kù, torí táyà iwájú ni ì bá kọ́kọ́ yọ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà kí owó lè dín kù. Dípò rẹ̀, wọ́n ní kí awakọ̀ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ 15 psi sí táyà iwájú àti 26 sí ti ẹ̀yìn. Awakọ̀ mélòó ló ń ṣírò bẹ́ẹ̀? Ní 1962, ẹni tó bá fẹ́ stabilizer lè sanwó kún owó fún un. Ní 1964 ni wọ́n tó fi sí gbogbo Corvair, pẹ̀lú sípíríǹgì míràn lẹ́yìn. Ní 1965, wọ́n tún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣe látòkèdélẹ̀.

Ní oṣù November 1965 ni Ralph Nader, agbẹjọ́rò ọmọ ọdún 31, gbé ìwé Unsafe at Any Speed jáde. Corvair ló fi ṣe orí kìíní. Tuntun ti dára nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ti 1960 sí 1963 ṣì ń rìn lójú pópó. General Motors gba àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ láti máa ṣọ́ Nader. Àṣírí tú, ní March 1966, James Roche, ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, tọrọ àforíjì níwájú àwọn aṣòfin àgbà. Ní September ọdún kan náà, Ààrẹ Johnson buwọ́ lu òfin tó fún ìjọba lágbára láti pàṣẹ ohun tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní fún ààbò.

Ẹjọ́ náà ní apá kejì o. Ní 1972, lẹ́yìn tí wọ́n ti dáwọ́ Corvair dúró ní 1969, ìwádìí ìjọba ní àwọn ti 1960 sí 1963 kò burú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn kan ní Nader ba ọkọ̀ rere jẹ́.

Lójú tiwa, ìwádìí náà kò dáhùn ìbéèrè tó ṣe kókó jù: nígbà tí wọ́n ń yọ irin náà torí owó, ṣé ẹni tó máa gbé ẹ̀mí rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà mọ̀? Ohun tí Nader ṣe ni pé ó mú ìpinnu náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà nìkan.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde tẹ́ ẹ sì ti ń wa tòkunbọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ yọ stabilizer tó ń dún kó-kó-kó dànù, pé ọkọ̀ á ṣì máa rìn, òótọ́ ni, á máa rìn. Corvair náà rìn. Ẹ bi í léèrè bó ṣe máa yí kọ́nà.