Ilé Ìgò, Ilẹ̀ Àpáàdì

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé ilé. Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, Rhyolite lorúkọ rẹ̀. Góòlù ló kó èèyàn lọ síbẹ̀. Aṣálẹ̀ ni. Igi ìkọ́lé wọ́n bí ojú, àmọ́ ìgò ọtí pọ̀ bíi yanrìn, torí àwọn awakùsà ń mu bíà bí ẹni ń mu omi. Ní nǹkan bí 1906, bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Tom Kelly ṣa ìgò bí 50,000 jọ, ó fi amọ̀ tò wọ́n léra wọn, ó sì fi kọ́lé. Góòlù tán, ìlú tú, ilé ìgò ò wó. Títí dòní làwọn èèyàn ń wọkọ̀ lọ wò ó.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, mo ní, "Òyìnbó mà gbọ́n o!" Àṣé ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ní Ifẹ̀ yìí ti ṣe irú rẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá Kelly.

Gbogbo wa la mọ àpáàdì. Ìkòkò tó bá fọ́, àkìtàn yá. Kódà, ibi tí a ní àwọn ẹni ibi ń lọ lẹ́yìn ikú, ọ̀run àpáàdì la pè é. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ifẹ̀ láàárín nǹkan bí 1000 sí 1400 ò jẹ́ kí àpáàdì lọ sọ́run rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n fi tẹ́. Wọn ò kàn dà á sílẹ̀ ṣákálá o! Wọ́n ń fọ́ ọ kó dọ́gba díẹ̀, wọ́n á wá nà án ró lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fún un mọ́ra pinpin, ìlà lé ìlà. Òmíràn tẹ̀ síhìn-ín, òmíràn tẹ̀ sọ́hùn-ún, bí egungun ẹja. Wọ́n tún máa ń to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín rẹ̀ kó lè dùn-ún wò. Ní àgbàlá míì, wọ́n ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín ilẹ̀ náà, bí ojú ibi tí èèyàn lè ta nǹkan sílẹ̀ sí fún ẹbọ. Òjò rọ̀ títí, ẹrẹ̀ ò sí.

Ìtàn ẹnu ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ, torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí aṣọ òun. Àwọn tó ń hú ilẹ̀ wò náà rí i: Frank Willett ní Ìta Yemòó láti 1957, Peter Garlake ní Ilẹ̀ Ọbalára àti Wóyè Àsìrí lẹ́yìn náà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà títí dé Bìnì àti Tógò.

Ìkòkò kì í já bọ́ láti ọ̀run o. Ẹnì kan ló mọ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ mọ́tò lọ sí Ìpetumodù, tí kò jìnnà sí wa rárá, níbi tí àwọn ìyá wa ṣì ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò. Wọ́n á gún amọ̀, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á wá kó igi àti koríko bò ó, wọ́n á dáná sun ún ní gbangba. Mo kí ìyá kan, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí tó bá fọ́ ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, a á rí nǹkan fi ṣe." Mo bi wọ́n bóyá àwọn ọmọ wọn ń kọ́ ọ. Wọ́n ní ta ló ń ra àmù mọ́, nígbà tí kẹ́ẹ̀gì oníke ti gba ọjà.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí nìyí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ń gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí nínú ilé tí mo gbé háyà yàrá. Nígbà tí ṣọ́bìrì wọlẹ̀ díẹ̀, ó kan àpáàdì, ó tò lọ gbọọrọ, ìlà lé ìlà. Àwọn lébìrà fi díígà wó o, wọ́n kó o sínú báàrò, wọ́n lọ dà á sẹ́yìn odi. Mo dúró, mo ń wò. Mo mọ ohun tó jẹ́. N ò sọ nǹkan kan, torí owó ilé mi ti pé, n ò sì tíì san.

Wọ́n ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Òótọ́ ni. Ó ko iná lójú, ó ko òjò lójú fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́fà. Díígà nìkan ni kò lè kò lójú, èmi tó yẹ kí n bá a sọ̀rọ̀ sì panu mọ́.

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá rí i níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pariwo. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì mùsíọ̀mù ní Ẹnu Ọwà, ẹ lọ sọ fún wọn. Ẹ má ṣe bíi tèmi.