Báǹkì ní Ilẹ̀ Ìdáàṣà: Láti Orí Èsúsú dé Ilé Ìfowópamọ́ Àwọn Àgbẹ̀

Akofodjoulè jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè mẹ́wàá tó para pọ̀ di Dassa-Zoumè, láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn báǹkì ní irú ìlú kékeré bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ owó ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ilé.

Kí Faransé tó dé, owó ẹyọ ni àwọn èèyàn wa ń ná. Wọn a máa sín ogójì ẹyọ sórí okùn kan. 20,000 ẹyọ ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Èsúsú ni báǹkì wọn: gbogbo ẹgbẹ́ a dá iye kan náà, ẹnì kan a kó o, títí yóò fi kárí. Kò gba ilé, kò gba kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá dalẹ̀ kò ní rí ẹgbẹ́ mìíràn wọ̀.

Ní 1899, ìjọba Faransé gbé owó orí kalẹ̀ ní Dàhòmì. Ní 1900, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Cotonou. Ó gba Dassa kọjá, ó sì dé Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) ní 1911. Báyìí ni owó Faransé ṣe wọ àárín àwọn òkè. Banque de l'Afrique Occidentale, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, ló ń tẹ owó bébà. Ó ṣí ẹ̀ka sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1902, orúkọ ìlú náà sì wà lára owó bébà kan tó tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìhà etí òkun ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, àwọn oníṣòwò ńlá ló sì ń jàǹfààní rẹ̀ jù.

Ní 1974, ìjọba Mathieu Kérékou gba àwọn báǹkì sọ́wọ́ ara rẹ̀. Mẹ́ta ló wá wà: BCB fún ìṣòwò, BBD fún ìdàgbàsókè, CNCA fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Lábẹ́ CNCA ni àwọn ilé ìfowópamọ́ alájẹṣẹ́kù tí à ń pè ní CLCAM ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìgbèríko. Nígbà tó fi máa di 1989, báǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó fowó pamọ́ kò rí i gbà, òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí owó oṣù. Èyí wà lára ohun tó fa Àpérò Àpapọ̀ oṣù kejì ọdún 1990.

CNCA kú, àwọn CLCAM kò bá a kú. Wọ́n tún wọn tò, wọ́n sì para pọ̀ di FECECAM ní 1993. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ilé wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ni èsúsú láyé àtijọ́.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa pé kí ẹ má fojú ilé lásán wo CLCAM ìlú yín. Ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀, àti àwọn tó kọ́kọ́ fowó síbẹ̀. Ilé lè wó kí a tún un kọ́; ẹnu tó lè sọ ìtàn rẹ̀ kò ní pẹ́ títí.