Odi Òkun Seattle àti Ọ̀nà Ẹja

Ìlú Seattle wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní etí Elliott Bay, apá kan òkun tí ó ya wọ inú ilẹ̀. Kí òyìnbó tó tẹ ibẹ̀ dó, etíkun náà dagẹrẹ wọ inú omi díẹ̀díẹ̀. Àwọn onílẹ̀, ẹ̀yà Duwamish àti Suquamish, a máa pa ẹja sámọ́nì níbẹ̀. Inú odò ni ẹja yìí ti ń yé ẹyin. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá sì ń lọ sí agbami, etí omi tí kò jìn ni wọ́n ń tọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ jẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń sá fún ẹja ńlá.

Ní ọdún 1855, Olóyè Seattle, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú náà, wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n di ẹ̀tọ́ kan mú: pé àwọn yóò máa pẹja níbi tí àwọn ti ń pa á tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ìlú ń gbòòrò, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí etí omi láti fi kún ilẹ̀. Ní 1916 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi tí yóò dá iyẹ̀pẹ̀ náà dúró, iṣẹ́ náà sì wọ àwọn ọdún 1930. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ni wọ́n lò sí i. Odi náà dára fún ọkọ̀ àti òwò, ṣùgbọ́n ó dúró gán-an-ran, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ibú. Àwọn èbúté olópòó tí wọ́n kọ́ síwájú rẹ̀ mú kí abẹ́ wọn ṣókùnkùn. Ọmọ sámọ́nì kì í fẹ́ wọ òkùnkùn. Bí wọ́n bá yà fún un, ojú ibú ni wọ́n ń bọ́ sí, níbi tí ẹja ńlá ti ń dọdẹ wọn.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Àwọn kòkòrò òkun kéékèèké tí kò tó hóró ìrẹsì ń jẹ igi odi náà láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní 2001, ó hàn sí gbogbo ènìyàn pé odi náà kò lágbára mọ́.

Ọ̀ràn ẹja ti dé ilé ẹjọ́ ṣáájú èyí. Ní 1974, Adájọ́ George Boldt dá a pé àwọn ẹ̀yà tí ó ní àdéhùn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdajì ẹja tí a bá lè pa. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fara mọ́ ọn ní 1979. Ṣùgbọ́n ìdajì òfo, òfo ni. Ní 1999, ìjọba àpapọ̀ ka sámọ́nì Chinook agbègbè náà mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu.

Ní 2012, àwọn olùdìbò Seattle fọwọ́ sí i pé kí ìlú yá mílíọ̀nù 290 dọ́là láti tún odi náà mọ. Láàárín 2013 sí 2017, wọ́n mọ odi kọnkéré tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, kí ewéko òkun lè rí ibi dì mọ́. Wọ́n kó òkúta sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà jìn. Wọ́n sì fi gíláàsì sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà lókè, kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè dé inú omi.

Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Washington ṣọ́ ibẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ sámọ́nì ń gba ọ̀nà náà, wọ́n sì ń jẹun níbẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Odi kò lè di etíkun àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni òwò ìlú kò dúró. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ṣe kedere: ìwé àdéhùn nìkan kì í bọ́ apẹja. Bí ọ̀nà ẹja bá dí, ẹ̀tọ́ apẹja di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí ó sì ń mọ odi sí etí omi, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà náà wà.