Bí Àpótí Irinṣẹ́ Android Ṣe Di Ẹlẹ́yọ-ẹlẹ́yọ

Nígbà tí Google gbé SDK, àpótí irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe áàpù Android, síta ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, LAUTECH ti pé ọdún 17 ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2 ni. Odindi ni SDK nígbà náà: ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà tuntun yóò tún gbogbo rẹ̀ gbà sílẹ̀.

Ní ọdún 2009 ni wọ́n pín in sí ẹlẹ́yọ-ẹlẹ́yọ, kí kálukú lè mú kìkì èyí tó nílò. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, tí iná sì lè lọ kí iṣẹ́ tó parí, àtúnṣe yìí, lójú tèmi, ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n pariwo rẹ̀ lọ. A tilẹ̀ lè fi fláàṣì da SDK kọ láti orí kọ̀ǹpútà kan sórí òmíràn: ẹnìkan san owó, ẹni mẹ́wàá jẹ.

Android Studio dé ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n Gradle tó bá a wá a máa lọ fúnra rẹ̀ wá ohun èlò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìnáwó tún padà dé. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2018, Google Play kò gba áàpù tuntun tí a kò ṣe fún Android 8.0, ó kéré tán. Ọdọọdún ni ààlà náà sì ń sún síwájú. Ẹni tí kò rówó dátà ní Ọ̀yọ́ kò lè sọ pé ẹ̀dà àná tó òun mọ́.